Láti "Ojuju" dé Park City: Bí Fíìmù "Mami Wata" Ṣe Rìn

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2023, níbi tí wọ́n ti ń pín àmì-ẹ̀yẹ àjọ̀dún fíìmù Sundance nílùú Park City, ní ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà, fíìmù "Mami Wata" láti Nàìjíríà gba àmì-ẹ̀yẹ àkànṣe àwọn adájọ́ nínú ìdíje eré àgbáyé. Orúkọ olùdarí rẹ̀, C.J. "Fiery" Obasi, kọ́ ni wọ́n pè. Lílis Soares ni wọ́n dá lọ́lá, obìnrin ọmọ Brazil tó wà nídìí kámẹ́rà. Nígbà tí ìròyìn náà délé, oríire ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pè é.

N ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé orí ò bá a ṣe é. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ọdún mẹ́jọ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn á rí i pé àjọ̀dún kan ló ń fà á lé òmíràn lọ́wọ́. Ohun kan sì wà tí kì í yí padà: ìgbàkígbà tí ọkùnrin yìí bá gbé fíìmù kan lọ síbì kan, iṣẹ́ tó kàn ti wà nílẹ̀ tó ń ṣe. Ìdí tí mo fi fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń ya fíìmù láìní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn ló kàn ń fọ́n líǹkì kiri, tí à ń retí kí àjọ̀dún kan ṣáà pè wá, tí a bá sì débẹ̀ tán, a ò mọ ohun tí a wá ṣe ju ká ya fọ́tò níwájú pátákó wọn lọ.

Ọdún 2014 ni "Ojuju" jáde. Owó ò sí níbẹ̀ rárá. Obasi fúnra rẹ̀ ò fi bò rí pé àpò òfìfo ni wọ́n fi yà á. Àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù kan l'Ékòó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: omi tí wọ́n ń mu bàjẹ́, àìsàn wọlé, àwọn tó mu ún di ohun tó ń sá tẹ̀ lé èèyàn láti bù ú jẹ. Gabriel Afọláyan, ọmọ Adé Love, ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Romero ni wọ́n pè é nínú eré náà, ẹni tó bá sì mọ ìtàn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ á mọ ọ̀gá tí wọ́n ń júbà: George Romero, ọmọ Amẹ́ríkà tí fíìmù òkú tó ń rìn sọ di olókìkí. Kelechi Udegbe náà wà níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Kò sí ìgbéyàwó nínú fíìmù yìí, kò sí ilé aláràbarà ní Lekki, kò sí ìyá ọkọ tó ń fojú ìyàwó gbolẹ̀. Máákẹ́tà wo ní Ìdúmọ̀tà ló máa náwó lé e? Àwọn onísinimá náà ò ní mọ ọjọ́ tí wọ́n máa fi sí. Ibi tó kù fún un ni àjọ̀dún. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, AFRIFF, àjọ̀dún tí Chioma Ude dá sílẹ̀ ní 2010, wáyé ní Calabar, "Ojuju" sì gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Nàìjíríà tó dára jù lọ. (Calabar, nínú gbogbo ìlú tó wà ní Nàìjíríà! Ẹni tí wọ́n bá fi "ojuju Calabar" dẹ́rù bà ní kékeré á mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín.)

Ohun tí àjọ̀dún ilé bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn, à kì í kà á sí tó. Àwọn tó ń ṣa fíìmù fún àjọ̀dún òkè òkun máa ń wá síbẹ̀, nítorí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti wo fíìmù Nàìjíríà ogún lẹ́ẹ̀kan ju kí wọ́n máa wá a kiri lọ. Olùdarí kò nílò físà. Ọkọ̀ ló máa wọ̀ lọ, òun àti òṣèré rẹ̀ á lè dìde lẹ́yìn ìfihàn láti dáhùn ìbéèrè, alámèyítọ́ á rí wọn, akọ̀ròyìn á gba nọ́ńbà wọn. Mo mọ ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fo AFRIFF, tó ń fo iREP tí wọ́n ń ṣe l'Ékòó fún àwọn tó ń ya fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi (dọkumẹ́ńtárì), nítorí pé Toronto àti Cannes nìkan ni wọ́n gbọ́ rí. Wọ́n á wá máa sọ pé àwọn òyìnbó ò mọ̀ wọ́n.

Kí n kúkú sọ ọ̀rọ̀ owó níbí, torí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta ọ̀pọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Orí ìkànnì FilmFreeway ni púpọ̀ nínú àjọ̀dún ti ń gba fíìmù báyìí, dọ́là ni wọ́n sì fi ń gba owó fọ́ọ̀mù. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì, àjọ̀dún tó bá gba $50 ń gbà tó ₦23,000 lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tó fi máa di 2024, tí dọ́là ti lé ní ₦1,500, $50 kan náà ti di ₦75,000. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àjọ̀dún mẹ́wàá láìronú, owó tó tó san owó òṣèré kékeré mélòó kan ló ti lọ yẹn. Ọ̀nà méjì ló wà tí àwọn tó mọṣẹ́ ń gbà. Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń tètè fi ránṣẹ́, nítorí owó fọ́ọ̀mù máa ń gun sókè bí ọjọ́ ìparí bá ṣe ń sún mọ́lé. Ìkejì, wọ́n máa ń kọ lẹ́tà kúkúrú sí àjọ̀dún náà, wọ́n á ní ilẹ̀ Áfíríkà làwọn ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n bá àwọn mójú kúrò lára owó náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjọ̀dún ló máa ń gbà, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní ètò rẹ̀ nílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn ò lágbára.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ara wọn ní àjọ̀dún tó ń pín àmì-ẹ̀yẹ lóṣooṣù. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí òǹwòran, ẹ̀ka ẹ̀yẹ wọn ju fíìmù tí wọ́n gbà lọ. O sanwó, wọ́n fi àwòrán ewé méjì tó yí orúkọ ká ránṣẹ́ sí ọ, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ pósítà. Ẹni tó mọṣẹ́ á wo pósítà náà, á rí ewé mẹ́jọ, kò ní mọ ọ̀kankan nínú wọn, á sì fura sí fíìmù tó ṣeé ṣe kó dára.

Lẹ́yìn "O-Town" tó tẹ̀ lé "Ojuju" ní 2015, Obasi ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa pè ní ìfàsẹ́yìn: ó padà sí fíìmù kúkúrú. "Hello, Rain" ló pè é, inú ìtàn kúkúrú Nnedi Okorafor ló sì ti mú un. Ní 2018, wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé ní Oberhausen ní Jámánì, àjọ̀dún tó wà fún fíìmù kúkúrú láti 1954. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bú fíìmù kúkúrú pé iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni. Lọ́jà àjọ̀dún, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣa fíìmù kúkúrú máa ń rántí orúkọ, ẹ̀ka fíìmù gígùn máa ń bi wọ́n léèrè ẹni tó ń bọ̀, àyè fíìmù kúkúrú nínú àjọ̀dún kan sì pọ̀ ju ti gígùn lọ fíìfíì. Yíyá orúkọ òǹkọ̀wé tí ayé ti mọ̀ náà jẹ́ ọgbọ́n: ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Obasi rí ti lè ka Okorafor.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí "Hello, Rain" ń lọ sí Oberhausen, "Mami Wata" ti wà lórí ìwé. Láti nǹkan bí 2016 ni Obasi àti ìyàwó rẹ̀, Oge Obasi tó jẹ́ pùródúsà, ti ń gbé e kiri. Bí ẹnì kan bá wá bá a lẹ́yìn ìfihàn pé, "Ó dáa o, kí lo tún ń ṣe?", ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo àjọ̀dún dá lé lórí. Àwọn tó ní owó lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́, wọn kì í ra fíìmù tó o fi hàn lálẹ́ yẹn tó bí wọ́n ṣe ń wá èyí tó ń bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tàbí tó sọ pé "mo ní èrò kan ṣá", ti jẹ́ kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Nínú àwọn ibi tí ìwé eré "Mami Wata" gbà kọjá ni Ouaga Film Lab ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ni irú ibẹ̀ yẹn: olùdarí àti pùródúsà á gbé iṣẹ́ tí wọn ò tíì yà lọ, àwọn àgbà iṣẹ́ á jókòó tì wọ́n, wọ́n á tú ìwé eré palẹ̀, wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún olówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Durban FilmMart ń ṣe irú rẹ̀ ní South Africa. Àjọ̀dún Rotterdam ní Hubert Bals Fund, ti Berlin ní World Cinema Fund, àwọn méjèèjì ń ná owó sórí fíìmù láti ibi tí owó fún fíìmù ti ṣọ̀wọ́n. Venice ní Final Cut, tó wà fún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kan tí wọ́n ti yà tán tí owó ti tán kí wọ́n tó parí rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀ka wọ̀nyí ló so mọ́ àjọ̀dún, ẹni tó bá sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kò ṣàjèjì mọ́ lọ́jọ́ tó bá gba iwájú.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí Ouagadougou. Nítorí Faransé ni, bí ẹ bá bi mí. Láti ìgbà òmìnira ni àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Faransé ti mọ ọ̀nà àtigba owó ìjọba Paris fún fíìmù, tiwa sì jẹ́ ti ọjà: ya á, tà á, ya òmíràn. Ìgboyà ọjà yẹn ló mú kí Nollywood pọ̀ tó báyìí, mi ò ní kó ìyẹn dànù. Ṣùgbọ́n Ouagadougou ò jìnnà sí Èkó tó Paris, físà ò sí níbẹ̀ fún wa, ẹ̀yìn la sì máa ń kọ sí i.

Kíkẹ́gbẹ́ pẹ̀lú àwọn olùdarí mìíràn náà ran Obasi lọ́wọ́. Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua ló para pọ̀ di Surreal16, wọ́n kọ òfin mẹ́rìndínlógún fún ara wọn nípa irú fíìmù tí wọ́n fẹ́ máa ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, fíìmù tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣe, "Juju Stories", dé Locarno ní Switzerland, ìtàn kan láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì gba Boccalino d'Oro, ẹ̀yẹ tí àwọn alámèyítọ́ tó dá dúró máa ń fúnni níbẹ̀. Fíìmù alápá mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, Locarno kan. Ẹni tó bá rò pé òun nìkan lòun gbọ́dọ̀ gun òkè yìí, kí ó ṣírò iye tí ì bá ná ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kí ó tó dé ibẹ̀ lóun nìkan. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ S16 Film Festival l'Ékòó, àjọ̀dún tiwọn, tí ọmọ ogún ọdún tó ní fíìmù kúkúrú lọ́wọ́ lè gbé e lọ láìwọ bàálù.

Fíìmù gan-an ńkọ́? Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti ya "Mami Wata", pijin àti Fọn ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ dúdú àti funfun. Abúlé Iyi, tó wà létí òkun, ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Mama Efe ni agbẹnusọ òrìṣà omi láàárín wọn. Ọmọdé ń kú, àwọn ọ̀dọ́ ń bèèrè ilé ìwòsàn àti iná mànàmáná, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, Zinwe àti Prisca, ò sì mọ ibi tí wọn ó fara sí. Ni òkun bá gbé ọkùnrin kan, Jasper, wá sí èbúté. Evelyne Ily Juhen láti Côte d'Ivoire ló ṣe Prisca. Emeka Amakeze ni Jasper. Rita Edochie, tí gbogbo wa mọ̀ nínú fíìmù Nollywood àtijọ́, ni Mama Efe, Uzoamaka Aniunoh sì ni Zinwe. Kelechi Udegbe, tó wà nínú "Ojuju" nígbà tí kò sówó, wà níbí náà.

Ẹ wo ojú wọn nínú fíìmù yẹn. Òru ni, òkun dúdú lẹ́yìn wọn, awọ ara wọn dúdú, ẹfun funfun tí wọ́n fi ya ojú àti owó ẹyọ tó wà nínú irun ló ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ìmọ́lẹ̀ kì í dé gbogbo ara, etí ejìká ló máa ń bà, tàbí ẹ̀gbẹ́ imú, ojú rẹ lo máa fi wá ìyókù. Iṣẹ́ Soares nìyẹn. Mi ò mọ ẹni tó lè wá láti Brazil kó má mọ Yemọja, tí wọ́n ń gbé òdòdó lọ fún létí òkun ní Salvador ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún. Bí wọ́n ṣe pe ará Brazil wá síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù òrìṣà omi ní Benin, ẹbí ló pàdé ẹbí níbẹ̀ lójú tèmi.

Ó sì ní ìtumọ̀ fún ọ̀rọ̀ àjọ̀dún. Fíìmù tí gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú òkùnkùn, tí a bá wò ó lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí oòrùn ń ta sí, eérú ló máa rí. Orí líǹkì sì ni àwọn tó ń ṣa fíìmù ti máa ń kọ́kọ́ wò ó. Nítorí náà, líǹkì tí a máa fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti tún àwọ̀ àti ohùn rẹ̀ ṣe dé ibi tó lè dé, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ "kò tíì parí" sí lójú tí ohùn ń lọ sókè sódò. Pijin náà ń fẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán, kí ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ti rí fíìmù tó dùn gan-an lédè Yorùbá tí ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ di àwàdà níbi tí wọ́n ti ń sunkún.

Lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀, ohun tó ṣòro jù fún ẹni tó ti jẹ gbèsè ló kù: sùúrù. Àjọ̀dún ńlá máa ń fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi fíìmù han aráyé. Bí o bá ti gbé e jáde ní sinimá l'Ékòó ní Kérésìmesì, tàbí o ti gbà fún àjọ̀dún kékeré kan ní Yúróòpù nítorí pé wọ́n fèsì kíákíá, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ìdíje ti pa dé nìyẹn. Ìdáhùn "ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fèsì fún yín lóṣù tó ń bọ̀" ṣòro láti kọ sí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ, àmọ́ ó yẹ kí pùródúsà mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tí "Mami Wata" dúró dè ni Sundance. Ó lé ní 15,000 iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́dún yẹn, fíìmù kúkúrú àti gígùn pọ̀. Méjìlá péré ni wọ́n mú sínú ìdíje eré àgbáyé.

Ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n kéde àwọn tí wọ́n mú. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìíní ni àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín, lákòókò tí ọmọ Nàìjíríà lè dúró ju ọdún kan lọ kí ó tó rí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún físà ìbẹ̀wò Amẹ́ríkà. Lẹ́tà ìpè láti ọ̀dọ̀ àjọ̀dún kì í ṣe físà. Nígbà yẹn, ó lè mú kí ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà fún ọ ní ọjọ́ tó yá, bí àjọ̀dún bá kọ̀wé sí wọn lórúkọ rẹ tí o sì bèèrè fún un, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa bèèrè. Bí o bá mọ̀ pé fíìmù rẹ wà níwájú àjọ̀dún ńlá kan l'Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, ìwé ìrìnnà tó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ àti ìwé báńkì rẹ ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àmì-ẹ̀yẹ yẹn. Kí ni ẹ̀yẹ tó lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán ṣe fún olùdarí? Ó ṣe púpọ̀. Gbogbo ìwé ìròyìn tó kọ nípa rẹ̀ kọ orúkọ fíìmù. Fíìmù Áfíríkà tó jẹ́ pijin, tí kò ní gbajúmọ̀ Hollywood kankan, ti rí gbólóhùn kan tí ẹni tó ń tà á lè máa sọ: wá wo bí ó ṣe rí. Mo rò pé àwa olùdarí máa ń gbàgbé bí iṣẹ́ ẹlòmíràn nínú fíìmù wa ṣe lè jẹ́ ìlẹ̀kùn.

Kò pẹ́ rárá ni Ouagadougou tún pè wọ́n. FESPACO, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà tó ti wà níbẹ̀ láti 1969, máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ti 2023 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kejì. "Mami Wata" gba mẹ́ta níbẹ̀: ẹ̀yẹ àwòrán tó dára jù, ẹ̀yẹ ìṣètò àyíká eré, àti ẹ̀yẹ àwọn alámèyítọ́ tí wọ́n fi orúkọ Paulin Soumanou Vieyra sọ. Ẹṣin Yennenga, ẹ̀yẹ tó ga jù, lọ sí Tunisia, fún "Ashkal" ti Youssef Chebbi. Ní oṣù kejì yẹn kan náà, Babatunde Apalowo gba Teddy, ẹ̀yẹ tó wà fún fíìmù nípa àwọn LGBTQ, ní Berlin fún fíìmù tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà méjì láàárín oṣù kan, àwọn méjèèjì láìní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn. Ìwọ̀nba ariwo ni a pa nílé.

Títà rẹ̀ ló kàn. Alief ló gbé e lọ sọ́jà òkè òkun. Dekanalog ra ti Amẹ́ríkà, Aya Films gbà á fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ràbàtà, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó mú fíìmù mẹ́wàá lọ́dún á pè ọ́ padà. Èyí tó mú igba á fi tìrẹ sí ìsàlẹ̀ àká. Ẹ sì ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe pín in: bí ẹni tó ní ilẹ̀ baba rẹ̀ tó ń tà á ní púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni, ẹni tó ra ọ̀kan kò lẹ́nu lórí ìkejì. Àwọn kan á gbé ìwé àdéhùn wá tó sọ pé "gbogbo ayé, gbogbo ọ̀nà ìfihàn, títí láé", owó orí tábìlì náà á sì dà bí owó lójú ẹni tó ti jẹ gbèsè ọdún mẹ́ta. Kí o tó fọwọ́ sí i, béèrè ọdún mélòó ni, orílẹ̀-èdè wo ni, iye ìnáwó ìpolongo tí wọ́n máa yọ kí kọ́bọ̀ tó kàn ọ́, ẹni tó sì máa yẹ ìwé owó wọn wò. Fi Nàìjíríà àti ìyókù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sọ́wọ́ ara rẹ bó bá ṣeé ṣe. Wíwá agbẹjọ́rò tó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí kì í ṣe fàájì.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló wọ sinimá ní Nàìjíríà, ó dé Amẹ́ríkà ní ìparí oṣù náà. Ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà fún Oscar, tó jẹ́ pé lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n ní fíìmù kankan ò yẹ tí àwọn kan nínú wọn sì bínú kọ̀wé fipò sílẹ̀, mú "Mami Wata" lọ lọ́tẹ̀ yìí. Pijin ò dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe yọ "Lionheart" dànù ní 2019 nítorí Gẹ̀ẹ́sì tó pọ̀ nínú rẹ̀ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe kékeré níbẹ̀. Kò wọ inú àwọn tí wọ́n ṣà kù fún Oscar. Ṣùgbọ́n Independent Spirit Awards, ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà fún fíìmù tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, fi í sí ara fíìmù márùn-ún fún ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, nílà kan náà pẹ̀lú "Anatomy of a Fall" tó ti gba Palme d'Or, ẹ̀yẹ tó ga jù ní Cannes; "Anatomy of a Fall" náà ló sì gba ẹ̀yẹ Spirit yẹn.

Nílé, ọdún yẹn jẹ́ ti Funke Akindele. "A Tribe Called Judah" jáde ní oṣù kejìlá, ó sì di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Mo mọ àwọn tó máa ń fi ọ̀kan bú èkejì nínú méjèèjì yìí. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Funke Akindele ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn tó ń wo fíìmù rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú, ó sì mọ ilé wọn. Àwọn tí Obasi fi ọdún mẹ́jọ bá sọ̀rọ̀ wà ní Oberhausen, Ouagadougou, Locarno àti Park City, àwọn ìlú yẹn náà ló sì dá a lóhùn. Olùdarí tó bá fẹ́ kí gbọ̀ngàn sinimá ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kún fún irú fíìmù yìí, àjọ̀dún ò ní bá a ṣe ìyẹn. Owó ìpolongo ilé ló gbọ́dọ̀ ti yọ sọ́tọ̀ nínú ìṣirò rẹ̀ kó tó ya ọjọ́ àkọ́kọ́, torí àwọn olówó òkè òkun kì í náwó sórí pátákó tó wà ní Ojúẹlẹ́gbà.